Ẹ̀rọ Géèmù Tó Bá Mọyì Àkókò Mi Ni Màá Fowó Rà

Èmi kì í ṣe ọ̀jẹ̀ nínú géèmù. Mo máa ń gbá a nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí, tí ilé ti pa rọ́rọ́, tí kò sì sí ẹni tó tún ń pe orúkọ mi. Nígbà mìíràn, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo máa ń rí kí oorun tó gbé mi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, odidi ọ̀sẹ̀ á kọjá láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan páàdì tí a fi ń darí géèmù. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn géèmù dénú, mo máa ń ronú nípa rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ní èrò tó múná lórí irú ẹ̀rọ tó yẹ kéèyàn náwó lé. Àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sábà bá irú wa sọ̀rọ̀. Agbára ni wọ́n máa ń kà sí wa létí: iye teraflop tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń yára ṣírò hàn, iye píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tóótòòtó tó ń para pọ̀ di àwòrán, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn lójú omi. Ohun témi ń bèèrè kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá tan ẹ̀rọ, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá géèmù gan-an? Bí ẹnìkan bá sì kanlẹ̀kùn, ṣé mo lè dìde láìpàdánù ohun tí mo ti ṣe?

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti gbé jáde látọjọ́ tí mo ti mọ géèmù, kò sí èyí tí mo mọ rírì rẹ̀ tó bọ́tìnnì tó ń mú ẹ̀rọ sùn. Nintendo DS tó jáde lọ́dún 2004 ti ní irú rẹ̀: èèyàn á kàn pa á dé, géèmù á dúró síbi tó wà. Nígbà tí Switch ti Nintendo kan náà dé lóṣù kẹta ọdún 2017, ó ṣe é fún géèmù ńláńlá tó jẹ́ pé ìdí tẹlifíṣọ̀n la ti ń bá wọn tẹ́lẹ̀. Steam Deck tí Valve gbé jáde lóṣù kejì ọdún 2022 wá ṣe ohun kan náà fún géèmù orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé kọ̀ǹpútà kì í gbà kéèyàn dá géèmù dúró bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kò ju pé ọpọlọ ẹ̀rọ á sinmi, sìkírìnì á kú, ṣùgbọ́n iná táṣẹ́rẹ́ á ṣì máa lọ sínú RAM níbi tí géèmù kó gbogbo ohun tó ń rántí sí. Ti Xbox Series X àti Series S yàtọ̀ díẹ̀. Inú SSD, ibi ìpamọ́ tí nǹkan inú rẹ̀ kì í parẹ́ bí iná bá lọ, ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n ń pè é ní Quick Resume, géèmù bíi mélòó kan ló sì lè wà níbẹ̀ pa pọ̀. Bí iná bá lọ tó tún dé, wọ́n á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tí mo ń sọ. Nínú géèmù Breath of the Wild, Link, akọni tí mo ń darí, ti fò kúrò lórí àpáta, ó ti na aṣọ tó fi ń fò, atẹ́gùn ń gbé e lọ sí ìdí ilé gogoro kan tí mo ti ń wò lókèèrè tipẹ́. Fóònù dún. Mo tẹ bọ́tìnnì, sìkírìnì ṣókùnkùn, mo dìde. Ó lè di ọjọ́ kejì, ó lè di òpin ọ̀sẹ̀, kí n tó tún gbé ẹ̀rọ náà. Mo tẹ bọ́tìnnì A lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́, Link sì ṣì wà lójú sánmà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀, òbìrí aláwọ̀ ewé tó ń fi agbára rẹ̀ hàn sì ń bá dídínkù rẹ̀ lọ láti ibi tó dé nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Kò sí àmì ilé-iṣẹ́ kankan tí mo gbọ́dọ̀ wò kọjá, kò sí ojú ewé tó ní kí n tẹ bọ́tìnnì kan kí n tó wọlé. Àtàǹpàkò mi á ti máa ṣiṣẹ́ kí n tó rántí ibi tí mo ń lọ.

Ẹlòmíì lè ní ọ̀rọ̀ kékeré lèyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tí àkókò rẹ̀ já sí wẹ́wẹ́. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ fífi ibi tí a dé pamọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ìdí tó fi le nígbà àtijọ́. Àwọn ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń ki owó ẹyọ sí lẹ́nu ló kọ́kọ́ gbòde. Èrè wọn ni pé kí o tètè kú, kí o lè tún ki owó míì sí i. Nígbà tí géèmù wọ inú ilé, ọ̀pọ̀ káàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lè tọ́jú nǹkan kan, nítorí náà wọ́n á fún ọ ní àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan pé kí o kọ ọ́ sínú ìwé, kí o sì tẹ̀ ẹ́ padà lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí The Legend of Zelda dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1987, bátìrì kékeré kan wà nínú káàsẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ṣe é sí. Bátìrì yẹn ni kò jẹ́ kí ibi tí a dé parẹ́ nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Àyè ìpamọ́ wọ́n nígbà náà, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù sì dè. Lónìí, àyè pọ̀ jaburata. Géèmù tó bá ṣì ní dandan ni kí n kọ́kọ́ rìn dé ibì kan kí n tó lè fi iṣẹ́ mi pamọ́, òun ló fúnra rẹ̀ yàn bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó ní ìdí.

Stardew Valley ní ìdí tirẹ̀. Eric Barone nìkan ló ṣe é, àwòrán rẹ̀, orin rẹ̀, ìtàn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, ó sì lò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbé e jáde lóṣù kejì ọdún 2016. Ìgbà tí àgbẹ̀ inú géèmù náà bá wọlé lọ sùn nìkan ló ń fi nǹkan pamọ́. Ṣùgbọ́n odidi ọjọ́ kan nínú rẹ̀, láti àárọ̀ kùtù títí di ọ̀gànjọ́ òru, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 lọ. Láàárín ìyẹn, mo lè bomi rin oko, kí n fún àwọn adìyẹ lóúnjẹ, kí n bá ẹnìkan nínú abúlé sọ̀rọ̀, kí n sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sínú ihò tí wọ́n ti ń wa kùsà, kí n sì padà sílé. Ó hàn pé ẹni tó ṣe é ti rò ó pé báwo ni ìjókòó kan ṣe ń gùn tó láyé ẹni tó ní nǹkan mìíràn í ṣe. Vampire Survivors náà ní irú ìwà bẹ́ẹ̀: bó bá ti pé ìṣẹ́jú 30, Ikú fúnra rẹ̀ á dé, ìjókòó yẹn sì parí. Mo lè fọkàn tán irú géèmù bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn míì wà tí mo ti pa tì láàárín, tí mo sì mọ̀ pé wọ́n dára, nítorí pé wọ́n fi mí sáàárín ibi ìpamọ́ méjì tó jìnnà síra tí ilẹ̀ fi mọ́ mi lórí ìjókòó.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ agbára. Mo gbà pé ìtàn ẹ̀rọ géèmù gbè mí lẹ́yìn níhìn-ín ju ibikíbi lọ.

Lọ́dún 1989, Nintendo gbé Game Boy jáde. Sìkírìnì rẹ̀ kò ní ju oríṣi àwọ̀ ewé mẹ́rin tó fẹ́ẹ̀ jọra, kò sì ní iná lẹ́yìn, débi pé ẹni tó bá jókòó síbi tó ṣókùnkùn kò ní rí nǹkan kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Game Gear ti Sega dé: ó ní àwọ̀ rẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó ní iná, àwòrán rẹ̀ ń dán yinrin. Bí wọ́n bá gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí ojú tí kò ní kọ́kọ́ yà sí ti Sega. Ṣùgbọ́n bátìrì AA 6 ni Game Gear ń jẹ, wákàtí 3 sí 5 ló sì fi ń jẹ wọ́n tán. Bátìrì 4 ni ti Game Boy, ó sì ń lò wọ́n kọjá wákàtí 10 láìmikàn. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 89.99 ni wọ́n kọ́kọ́ ta Game Boy, dọ́là 149.99 ni ti Game Gear. Gunpei Yokoi, ẹni tó darí iṣẹ́ Game Boy, ti ní ìlànà kan tipẹ́: kéèyàn mú ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ti wọ́pọ̀, tí wọ́n ti mọ̀ tinú tòde, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, kó wá fi dá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Tetris tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ni wọ́n fi sínú páálí Game Boy fún àwọn ará Amẹ́ríkà, mi ò sì mọ géèmù tó tún yẹ ẹ̀rọ náà jù ú lọ, nítorí pé èèyàn lè gbá a nígbà tó ń dúró de ọkọ̀, kó sì pa á nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Game Boy àti Game Boy Color lápapọ̀ tà ju mílíọ̀nù 118 lọ. Game Gear kò tà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.

Bákan náà ló rí lọ́dún 2006 nígbà tí Wii dé. Xbox 360 ti wà lórí igbá, PlayStation 3 jáde lóṣù kan náà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń fi àwòrán tó mọ́ gaara ṣe fáàrí. Wii kò lè gbé àwòrán tó ju 480p, ìyẹn ìlà 480, lọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, ó tà ju mílíọ̀nù 101 lọ, nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yòókù kò dé mílíọ̀nù 90. Mo mọ ìdí rẹ̀ nítorí pé ó ṣojú mi. Màmá mi kò fọwọ́ kan páàdì rí láyé wọn. Bọ́tìnnì tó pọ̀ lára rẹ̀ ló ń lé wọn sá. Mo fún wọn ní ọ̀pá Wii, mo ní, "Ẹ fi ìka mú B tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ju apá yín síwájú bí ẹni ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, kí ẹ sì tú ìka yẹn sílẹ̀." Àlàyé náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù yí lọ, ó yà sápá òsì díẹ̀, ó wó àwọn igi tí wọ́n tò síwájú nínú géèmù náà lulẹ̀, àfi ẹyọ kan. Wọ́n dúró, wọ́n wo ọ̀pá ọwọ́ wọn, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, àwọn máa wó ìyẹn náà. Kò sí bí PlayStation 3 ṣe lágbára tó tí ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ má rò pé Nintendo nìkan ni mo ń gbè lẹ́yìn. PlayStation 2 tí Sony gbé jáde lọ́dún 2000 ló tà jù nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ti ṣe rí, ó lé ní mílíọ̀nù 160, òun kọ́ ló sì lágbára jù nígbà ayé rẹ̀. GameCube àti Xbox àkọ́kọ́ lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó ń gbé DVD, ó ń gbé géèmù PlayStation àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn ti ní nílé, géèmù tó wà fún un sì pọ̀ lóríṣiríṣi. Ẹni tó bá rà á kò sọ ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀ nù. Switch náà, ọpọlọ Tegra X1 tí Nvidia ti fi han ayé láti ọdún 2015 ló wà nínú rẹ̀, kò sì tíì pẹ́ rárá kí àwọn kan tó máa sọ pé ó ti gbó. Ó ti tà kọjá mílíọ̀nù 150.

Ní ti àwòrán 4K, èmi kò rí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Píksẹ́lì mílíọ̀nù 8.3 ló wà nínú rẹ̀, mílíọ̀nù 2.1 péré ló wà nínú 1080p. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ya ìlọ́po mẹ́rin ohun tó ń yà tẹ́lẹ̀, kó máa gbóná, kí fáànù rẹ̀ máa han, kí n sì wà lórí àga mi lọ́hùn-ún tí ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ray tracing, mo ti pa á, mo ti tan án, mo ti pa á padà. Iye àwòrán tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni nǹkan ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ 30, àwòrán kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 33 lójú sìkírìnì. Bó bá jẹ́ 60, kò tó 17. Ojú lè má tètè rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Mo tẹ bọ́tìnnì kí Mario fò, ó fò lójú ẹsẹ̀, ara mi sì gbà pé èmi ni mo fò. Nítorí náà, bí géèmù bá ní kí n yan láàárín àwòrán tó mọ́ àti èyí tó yára, èyí tó yára ni mo máa ń yàn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. PlayStation 5 Pro tó jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2024 ní dọ́là 699.99, tí kò sì ní ibi tí a ó ti ki dísìkì bọ̀ ọ́, wà fún àwọn tó fẹ́ méjèèjì pa pọ̀. Mi ò bá wọn jà. Owó wọn ni.

Ibì kan wà tí agbára ti wúlò fún mi gidigidi: SSD. Lórí àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú PlayStation 5 àti Xbox Series, mo lè tan géèmù, kí n lọ bu omi mu, kí n padà wá, kó ṣì máa sọ fún mi pé ó ń bọ̀. SSD inú PlayStation 5 ń ka gígábáìtì 5.5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀pọ̀ géèmù tó lò ó dáadáa sì ń ṣí kí n tó fẹ̀yìn ti àga. Owó tí mo ná lórí ìyẹn kò dùn mí rárá.

Ohun tó dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kejì gba ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kìíní fún wa. Géèmù tó ju 100GB lọ ti di ohun tó wọ́pọ̀. Red Dead Redemption 2 ń bèèrè àyè 150GB lórí kọ̀ǹpútà. Gígábáìtì 825 ni wọ́n kọ sára PlayStation 5 àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ̀rọ bá sì ti mú tirẹ̀ kúrò, èyí tó ṣẹ́ kù kò pé 700. Béèyàn bá ní géèmù mẹ́rin tàbí márùn-ún irú rẹ̀, yíyọ ọ̀kan kí òmíràn lè wọlé á di iṣẹ́. Update, ìyẹn àtúnṣe tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tún wà. Mo ti rí alẹ́ tí mo fi gbogbo ọjọ́ retí, tí mo jókòó, tí mo tan ẹ̀rọ, tí géèmù tí mo rà lówó gọbọi sì sọ fún mi pé àyàfi kí n kọ́kọ́ fa 40GB wálẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń gbá a, mi ò bá ẹnikẹ́ni pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà lọ́wọ́ mi lánàá sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ló dé tí wọn kò lè jẹ́ kí n gbá tàná, kí tuntun sì máa wọlé bọ̀ lẹ́yìn? Ohun tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹni tó ráyè díẹ̀ láti gbádùn ni mo ka ìyẹn sí, inú mi kì í sì í dùn sí i rárá.

Páàdì náà yẹ lọ́rọ̀ sọ, nítorí pé òun ni ara wa ń kàn jù nínú gbogbo ẹ̀rọ, òun ni wọ́n sì ń fojú di jù. Mo ní ọ̀kan tó jẹ́ pé bí mo bá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, tí mi ò fọwọ́ kàn án, ẹni inú géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sápá òsì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ògiri. Mo tú u wò. Lábẹ́ ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń tì, apá irin tín-ín-rín kan wà tó ń ha ojú ìlà kábọ́ọ̀nù dúdú kan. Ibi tí irin náà bá dúró sí lójú kábọ́ọ̀nù ni páàdì fi ń mọ ibi tí a tì í sí. Ìlà dúdú náà ti jẹ láàárín, níbi tí ọ̀pá máa ń padà sí nígbà gbogbo, eruku rẹ̀ sì ti kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí kò sí ẹni tó ń tì í gan-an ló ti jẹ jù. Ẹ̀rọ kò wá mọ ibi tí àárín wà mọ́.

Kì í ṣe pé ayé kò mọ oògùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fi irin òòfà sídìí ọ̀pá náà, tí ohun tó ń mọ̀ bí òòfà ṣe sún wà nísàlẹ̀, kò ní sí ohun tó ń ha ohun kankan, kò sì ní sí ohun tó ń jẹ. Hall effect ni wọ́n ń pè é. Sega ti lò ó nínú páàdì Dreamcast láti ọdún 1998. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe páàdì àfirọ́pò ń fi í sínú èyí tí owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fúnra wọn. Nítorí náà, bí mo bá ń wo páàdì tuntun, mi ò bèèrè iná tó ń tàn lára rẹ̀ tàbí bó ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́. Mo máa ń bèèrè pé òòfà ni àbí kábọ́ọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ pé géèmù le tàbí kò le ti fa àríyànjiyàn tó pọ̀ jù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Elden Ring tó jáde lóṣù kejì ọdún 2022 kò ní ibi téèyàn ti lè yan bó ṣe máa le tó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọ̀gá ọ̀tá kan nínú rẹ̀ bá ń lù mí ṣáá, ilẹ̀ tó fẹ̀ wà tí mo lè gba ibòmíràn lọ, àwọn ẹ̀mí sì wà tí mo lè pè kí wọ́n bá mi jà. Celeste tó jáde lọ́dún 2018 gba ọ̀nà mìíràn: ó ní Assist Mode, níbi tí èèyàn ti lè dín ìyára géèmù kù tàbí kó má kú rárá, ó sì sọ ọ́ láìfi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà méjèèjì ló dáa lójú mi. Ọdún yẹn kan náà ni Microsoft gbé Xbox Adaptive Controller jáde fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò lè lo páàdì lásán, pẹ̀lú bọ́tìnnì ńlá méjì àti ihò lóríṣiríṣi tí èèyàn lè so ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn mọ́. Bí mo bá ń ka ẹ̀rọ tó ṣe pàtàkì jù láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mi ò ní gbàgbé rẹ̀.

Irú géèmù kan wà tí mi ò fẹ́ nínú ilé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn. Ìyẹn ni èyí tó ń fúnni lẹ́bùn bí a bá wọlé lójoojúmọ́, tó ń gba ẹ̀bùn padà bí a kò bá wá, tó ń ka ọjọ́ tó kù kí nǹkan kan tó tán, tó sì ń ránṣẹ́ sórí fóònù láàárín iṣẹ́. Ó ń ṣe bí ológò tó wá dógò ti ajigbèsè: kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí o fi máa san án. Inú irú géèmù bẹ́ẹ̀ náà la ti ń bá àpótí tí a ń rà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú Star Wars Battlefront II dá wàhálà sílẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2017, ìjọba Bẹ́ljíọ́mù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nígbà tó sì di ọdún 2018, wọ́n ní tẹ́tẹ́ ni àwọn kan nínú wọn lábẹ́ òfin ilẹ̀ àwọn. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń gbá àwọn géèmù yìí. Ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ fún àgbàlagbà ní òfin tó dè é. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń tà á fún ọmọdé yóò fi máa rìn ní fàlàlà.

Mo mọ̀ pé Animal Crossing náà ń tẹ̀ lé aago gidi, pé koríko á hù bí mo bá pẹ́ kí n tó padà, àwọn ará erékùṣù inú rẹ̀ á sì ní àwọn ti ń retí mi. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Mo fa koríko, a sì ń bá eré wa lọ.

Èyí tó kù, tó sì ń ká mi lára jù báyìí, ni ti níní géèmù. Ẹni tó ń gbá géèmù lójoojúmọ́ lè parí ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwa tí à ń gbá a lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè lo ọdún méjì lórí ẹyọ kan, a sì lè rà á lónìí ká má ṣí i títí di ọdún tó ń bọ̀. A nílò kó ṣì wà nígbà tí a bá ráyè. Ubisoft gbé The Crew jáde lóṣù kejìlá ọdún 2014, géèmù ọkọ̀ tó fẹ́ẹ̀ kó gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà sínú. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa sáfà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà tí géèmù gbọ́dọ̀ kàn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́, látọjọ́ náà sì ni ẹni tó rà á, kódà ẹni tó ní dísìkì rẹ̀ lọ́wọ́, kò ti lè wa ọkọ̀ kankan nínú rẹ̀ mọ́, ì báà ṣe òun nìkan. Ross Scott, ẹni tó ń ṣe fídíò lórí YouTube, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Stop Killing Games lóṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 2025, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń kó orúkọ jọ fún ní Yúróòpù ti ní ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò pọ̀: bí ẹ bá fẹ́ kúrò nídìí géèmù tí ẹ ti tà, ẹ fi í sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tó rà á á ṣì lè gbá a. Ní California, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025 ti fi dandan lé e pé kí àwọn tó ń ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ kedere bó bá jẹ́ pé àyè láti lò ó ni wọ́n ń tà, tí kì í ṣe géèmù fúnra rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé wọ́n ń sọ ọ́. Ó yẹ kí wọ́n tún yí i padà.

Nítorí èyí, bí mo bá lè ra dísìkì tàbí káàsẹ́ẹ̀tì, òun ni mo máa ń rà. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2023, èèyàn kò lè ra géèmù kankan mọ́ ní ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nintendo 3DS àti Wii U. Àwọn káàsẹ́ẹ̀tì 3DS tó wà nínú àpótí mi kò mọ̀ pé ìsọ̀ kankan ti kógbá sílé. Mo kì wọ́n bọ ẹ̀rọ, wọ́n ṣiṣẹ́.

Mi ò tíì ra Switch 2 tó jáde lóṣù kẹfà ọdún 2025. Ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, ó ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú géèmù Switch, èyí sì wù mí. Ohun tó ń dá mi dúró ni páálí géèmù rẹ̀. Lára àwọn kan, wọ́n kọ ọ́ sí iwájú nísàlẹ̀ pé Game-Key Card ló wà nínú rẹ̀: o máa bá káàsẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ lásán ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa fa géèmù fúnra rẹ̀ wá. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa sáfà yẹn, kọ́kọ́rọ́ náà kò ní rí ilẹ̀kùn kankan ṣí fún ẹni tí kò bá tíì fà á wálẹ̀. CD Projekt Red, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù Cyberpunk 2077, kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Géèmù náà tóbi, síbẹ̀ wọ́n náwó sórí káàsẹ́ẹ̀tì 64GB, wọ́n sì kó odidi rẹ̀ àti àfikún rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá ra Switch 2, òun ni géèmù tí màá kọ́kọ́ rà sí i.